Asẹ́ wo ló yẹ táńkì ẹja omi iyọ̀ nílé, l'Ádó-Èkìtì níbí?

Ọmọ Adó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja. Mo ní táńkì dígí kan nílé mi ní Adébáyọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, ìbú 40, gíga 45, omi inú rẹ̀ á máa lọ sí lítà 200. Ẹja góòlù ni mo ń sìn nínú rẹ̀ látẹ̀yìn wá, asẹ́ onífóòmù kan àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré ló ń bá mi ṣe é, kò sí wàhálà. Àmọ́ ọkàn mi ti kúrò lára ẹja góòlù. Ẹja òkun ni mo fẹ́ báyìí, àwọn clownfish aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun yẹn, méjì péré, bóyá pẹ̀lú ẹja kékeré kan tàbí méjì mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Kánádà lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ẹrù òun ti kún, ohun kan ṣoṣo lòun lè bá mi gbé, kí n sọ èyí tí mo fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo ti kà á títí, orí mi ti ń dà rú. Àwọn kan ní canister, àwọn kan ní sump, àwọn kan ní protein skimmer, àwọn mìíràn ní òkúta lásán ti tó. Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ní kó rà?

Alárọ̀ Ìjerò

Àbúrò, kí lo fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Àrọ̀ ni mò ń sìn nínú táńkì tapólì, mi ò ní asẹ́ kankan. Bí omi bá ti ń rùn, màá ṣí i dànù, màá fa tuntun láti borehole, ẹja á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Da iyọ̀ sómi, kó o máa lo fóòmù rẹ. Èmi ò tíì rí ẹja méjì tó ń náni lówó tó báyìí tí wọn ò sì ní dénú ọbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mi ò fẹ́ já yín nírọ́, àmọ́ àrọ̀ kọ́ lẹja tí à á fi díwọ̀n ẹja yòókù. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ẹ̀yin náà máa ń rí i bó ṣe ń yọ ẹnu sókè, tó ń gbà á, tó sì ń padà sísàlẹ̀. Omi tó ti fẹ́ẹ́ di ẹrẹ̀, àrọ̀ á ṣì máa jẹun níbẹ̀. Clownfish ò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Inú omi nìkan ló ti ń rí ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í gba ọ́síjìn sára tó omi tútù aláìníyọ̀.

Èkejì ni amóníà. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń parí sí. Bakitéríà kan á sọ amóníà di nitrite, òmíràn á sọ nitrite di nitrate. Méjì àkọ́kọ́ ń pa ẹja. Nitrate ò le tó wọn, pípààrọ̀ omi ló ń dín in kù. Nínú omi òkun, pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.4, bí pH bá sì ṣe ń ga sí i ni apá tó jẹ́ májèlé nínú amóníà ń pọ̀ sí i. Ìwọ̀n tí ẹja góòlù fara dà nínú omi wa lè pa ẹja òkun. Ibi tí àwọn bakitéríà yìí ń gbé gan-an ni asẹ́, sà. Ẹ̀rọ kàn ń gbé omi lọ bá wọn ni.

Ọmọ Èkó Tó Wálé

Bọ̀dá, canister ni o. Ó ń wọ abẹ́ táńkì, kì í pariwo, kì í da omi sí pálọ̀. Mo lò ó l'Èkó, àlejò kì í mọ̀ pé ẹ̀rọ kankan ń ṣiṣẹ́. Ti omi náà, ẹ má lọ ra iyọ̀ olówó gọbọi. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó, ẹ fún un ní kẹ́ẹ̀gì, kó bá yín pọn ọ́n létí òkun.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Èkó, mi ò bá ọ jà lórí canister, ó dára níbi tí iná bá ń pẹ́. Èkìtì la wà yìí. Ike tí a tì pa ni canister. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń gbé ọ́síjìn fún bakitéríà. Kí iná lọ, kí pọ́ǹpù dúró, bakitéríà á lo ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù nínú ike yẹn tán láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí ibẹ̀ á máa jẹrà. Tí iná bá wá dé lóru tí gbogbo ilé ti sùn, omi yẹn ni pọ́ǹpù máa kọ́kọ́ dà sórí ẹja. Wọ́n pè mí sí òtẹ́ẹ̀lì kan rí, ẹja inú táńkì iwájú wọn ti léfòó. Mo ṣí canister, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi, fóòmù inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ní in nílé, kó yáa mọ̀ pé bí iná bá ti lọ pẹ́, kó ṣí i, kó fi omi táńkì ṣan inú rẹ̀ kó tó tún tàn án.

Ọmọ Adó, ohun tí èmi ń lò ni òkúta, sump àti skimmer. Òkúta tí wọ́n ń pè ní live rock yìí, ara òkú coral, ẹ̀dá òkun tó ń kọ́ egungun bí òkúta, ló ti wá, ihò wínníwínní ló kún inú rẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ amóníà ń gbé lójú rẹ̀ lóde. Nínú lọ́hùn-ún tí ọ́síjìn kì í dé, irú mìíràn wà níbẹ̀ tó ń sọ nitrate di gáàsì, tí gáàsì náà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Fóòmù rẹ ò lè ṣèyẹn. Bí iná bá sì lọ, inú omi gbalaja ni òkúta wà, kò sí ike tó sé e mọ́. Kílò 15 sí 20 máa tó táńkì rẹ. Èyí tó gbẹ náà dára, kò kàn ní tètè gba bakitéríà ni.

Ní ti skimmer, pọ́ǹpù rẹ̀ ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi títí á fi di ìfófòó kéékèèké. Ọ̀rá àti prótéènì tó yọ́ sínú omi máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfófòó yẹn, á gba ọrùn ẹ̀rọ náà gòkè, á dà sínú ife tó wà lórí rẹ̀. Yọ ife yẹn lọ́jọ́ kẹta: omi ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ tíì lo máa bá níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì lé gbogbo ilé jáde. Gbogbo ìyẹn ì bá ti di amóníà. Òkúta ń dúró kó jẹrà kó tó jẹ ẹ́, skimmer ń kó o jáde kó tó jẹrà. Ó tún ń fi afẹ́fẹ́ sómi. Nínú omi aláìníyọ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ìfófòó ibẹ̀ máa ń para pọ̀ di ńlá, á sì bẹ́. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó máa hó dáadáa. Má sì ti ìdí iyán dìde wá ki ọwọ́ bọ sump o! Epo díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ti tó láti mú ìfófòó yẹn wálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kẹ́ẹ̀gì omi òkun, rárá. Létíkun Èkó, omi ọ̀sà ń gbé ìdọ̀tí ìlú wọ òkun níbẹ̀, nígbà òjò iyọ̀ rẹ̀ tún ń dín kù. Ẹ má sì ní ti Ìlàjẹ ló sún mọ́ wa. Ẹrẹ̀ ni etíkun Ayétòrò lọ́hùn-ún, omi ibẹ̀ kì í mọ́ gaara. Iyọ̀ táńkì ni kó o rà, gíráàmù 35 sí lítà kan, ìyẹn kílò 7 fún lítà 200. Iyọ̀ ọbẹ̀ ò ṣeé lò, kò ní kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi òkun.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé skimmer wá. Sump, ọwọ́ wa ló wà.

Alárọ̀ Ìjerò

Màmá, ẹ ṣé, ó yé mi díẹ̀. Òkúta ńkọ́, tí Òkè Olósunta wà lẹ́yìnkùlé yín? Kí ló dé tí ẹ ò fọ́ díẹ̀ fún un?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ará Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ yín o, sà. Wọ́n ń bọ òkè yẹn. Gíránáìtì ni, kò níhò nínú, ojú rẹ̀ nìkan ni bakitéríà máa rí gbé.

Ọmọ Èkó Tó Wálé

Màmá, mo gba ti canister fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹja méjì nínú lítà 200, skimmer kì í ṣe dandan. Kó ra òkúta tó pọ̀, kó gbé pọ́ǹpù kan tó ń da omi rú síbẹ̀, kó máa pààrọ̀ lítà 20 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gíráàmù 700 iyọ̀ péré nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹja wọn ò kú.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́

Òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn. Bí mo bá rí ẹni tó máa dúró lórí ẹja méjì, ohun tí màá sọ fún un náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé "bóyá pẹ̀lú ẹja kékeré kan tàbí méjì mìíràn." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já sí.

Ìdí mìíràn ni ẹrù. Òkúta tó tó táńkì rẹ á gba báàgì kan tán, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ l'Èkó lè bá a wá a. Dígí wà níbí, páìpù wà, pọ́ǹpù wà. Skimmer tó dáa ni wọn ò lè bá wa ṣe níbí.

Ọmọ Adó

Ẹ̀yin èèyàn, kí tilẹ̀ ni sump yìí? Àwòrán tí mo rí dà bí ohun tó máa kún ilé mi fómi.

Onígíláàsì Ìdó

Iṣẹ́ mi rèé. Táńkì kejì ni sump, abẹ́ ti àkọ́kọ́ ló ń gbé. Omi á fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ihò tí a gbẹ́ sókè táńkì ńlá, á gba àárín àwọn dígí tí a fi pín inú sump kọjá, pọ́ǹpù á sì dá a padà sókè. Skimmer, hítà, séràmíìkì tí bakitéríà ń gbé lára rẹ̀, gbogbo wọn á fara pa mọ́ síbẹ̀. Ibi tí skimmer bá wà, ẹ jẹ́ kí omi ibẹ̀ máa wà lójú kan, torí bó bá ń lọ sókè-sódò, ìfófòó rẹ̀ ò ní dúró.

Ìbẹ̀rù yín tọ́. Bí iná bá lọ, omi òkè á máa ṣàn wálẹ̀ títí á fi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ihò, páìpù tó ń dá omi padà náà á sì máa fà á sẹ́yìn. Ẹ wo táńkì yín, 120 lọ́nà 40: bí omi bá wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, lítà 14 àti díẹ̀ nìyẹn, sump sì gbọ́dọ̀ ní àyè tí kò lómi fún un. Àmọ́ bí ẹ bá ti ẹnu páìpù ìdápadà bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 10, lítà 48 ló ń bọ̀ yẹn, orí kápẹ́ẹ̀tì yín ló sì máa parí sí. Ẹ lu ihò kékeré sára páìpù náà, díẹ̀ báyìí sísàlẹ̀ ojú omi. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, fífà náà á já. Nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ máa ń dí ihò yẹn, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tẹ́ ẹ ti pa tì ha á.

Kẹ́ ẹ tó fi ẹja kankan sí i, ẹ yọ pọ́ǹpù lẹ́nu iná lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ lóṣòó ti sump, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi máa gùn dé, kẹ́ ẹ sì fi máàkà fa ìlà síbẹ̀. Àwọn kan ń dúró dìgbà tí iná bá lọ lóru kí wọ́n tó mọ̀.

Wáyà Ìfàkì

Ẹ dúró ná. Kánádà lẹ wí? Iná 120 fólítì, 60Hz ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Tiwa jẹ́ 230 sí 240, 50Hz. Skimmer tó ní pọ́ǹpù AC, ìyẹn èyí tó ń lo iná ògiri tààrà, tó bá jẹ́ ti ọjà wọn, kẹ́ ẹ tì í bọ sókẹ́ẹ̀tì níbí, ó jóná nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ 240 di 120 wà, àmọ́ kò lè sọ 50Hz di 60, pọ́ǹpù náà ò sì ní yí bó ṣe yẹ. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ra èyí tí pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ DC, 24 fólítì, tí wọ́n kọ 100–240V sára ádápítà rẹ̀. Kí wọ́n kà á sójú yín lórí fóònù kí wọ́n tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò ínfátà. Ká ní pọ́ǹpù ìdápadà jẹ́ wáàtì 25, skimmer 15, èyí tó ń da omi rú 10, gbogbo rẹ̀ 50. Hítà 200, ẹ má gbé e sórí ínfátà rárá. Bátìrì 12 fólítì, 100Ah, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ olómi ásíìdì, ìdajì ni kẹ́ ẹ lò, kó má bàa tètè kú, ìyẹn 600. Ẹ yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, kẹ́ ẹ máa retí bíi wákàtí 10. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé iná ò fẹ́ dé, ẹ pa ìdápadà àti skimmer, ẹ fi èyí tó ń da omi rú nìkan sílẹ̀. Òun ló ń mú kí omi máa rí afẹ́fẹ́ gbà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo USB náà dára, power bank fóònù á gbé e di àárọ̀.

Ọmọ Adó

Á à! Mo dúpẹ́ o, bọ̀dá Wáyà. Mo ti fẹ́ fi àwòrán AC kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

Ó ku omi. Borehole ni mo ní, táńkì rẹ̀ wà lórí òpó, mo sì ń gbe omi òjò. Èwo nínú méjèèjì ni kí n fi po iyọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè lò bó ṣe wà, sà. Orí páànù ni òjò ti ń ṣàn wá, síńkì sì wà lára páànù. Ẹja lè fara dà á díẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé edé tàbí coral síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, síńkì ń pa wọ́n. Omi borehole wa ń bọ̀ láti inú àpáta, sílíkà máa ń wà nínú rẹ̀, irin náà sì lè wà. Sílíkà yẹn ni nǹkan àwọ̀ ilẹ̀ tó ń bo dígí àti iyanrìn ń jẹ, ẹ̀yin á sì máa bú asẹ́ lórí ohun tí kò ṣe.

Ẹ̀rọ RO, èyí tó ń ti omi gba inú awọ wínníwínní kọjá, ló ń yọ ọ́; èyí tó tún ní DI lẹ́yìn, tó ń yọ ìwọ̀nba tó bá kù, ló dára jù. Àmọ́ ó nílò agbára omi tó tó 50 psi. Táńkì tó ga ní mítà 6 sókè ò lè fún yín ju bíi 9 lọ. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi sínú RO, láìṣe bẹ́ẹ̀ á kàn máa kán tó, tó, tó. Omi tó ń tú dànù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi fọṣọ. Bí omi táńkì bá sì fà lásìkò ọyẹ́, omi RO aláìníyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kún un. Omi ló ń fà lọ, iyọ̀ kì í lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú kó ẹja sí i. Ẹ ju edé tútù kan látọjà síbẹ̀, èyí tí wọn ò tíì fi iyọ̀ sí, kó jẹrà kí bakitéríà lè rí amóníà jẹ. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wọn amóníà àti nitrite tí méjèèjì jẹ́ òfo, ẹ lè ra ẹja.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kó o jáde ayọ̀. Ọmọ Adó, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó fi refractometer sápò ẹ̀wù, èyí tí wọ́n fi ń wo iyọ̀. Ó kéré, kì í ṣe ẹrù. Láàárín 1.024 sí 1.026 ni kó o máa bá omi, ìyẹn ìwúwo rẹ̀ bí a bá ka omi aláìníyọ̀ sí 1. Kó o sì wọn gíga abẹ́ táńkì rẹ kí wọ́n tó ra skimmer, torí o gbọ́dọ̀ lè fa ife rẹ̀ yọ sókè láìfọ́ pátákó.

Ọmọ Adó

Mo ti wọn ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 65 ni àyè tó wà níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn: skimmer olóníná DC, 100–240V, pẹ̀lú refractometer lápò. Wọ́n ní ó dáa.

Bọ̀dá Onígíláàsì, ìgbà wo lẹ lè wá lu ihò sára táńkì fún mi? Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ti ìsàlẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Onígíláàsì Ìdó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta lè ṣe é ṣe. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dígí tí wọ́n fi iná tọ́jú ni, irú ti wíńdò ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó bá kan irú ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní táńkì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó sí, nígbà mìíràn wọ́n á lò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tú omi táńkì dànù, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín sí ojú funfun, ẹ gbé e sẹ́yìn dígí náà, kẹ́ ẹ wá wọ awò oòrùn polarized, ẹ dúró sápá kejì kẹ́ ẹ máa yí orí díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdúdúdú tàbí àmì tótòtó lójú dígí, ẹ má pè mí wá lu ihò, a máa gbé àpótí ìṣàn, tó ń fa omi gba orí dígí kọjá láìlu ihò, kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Bó bá mọ́ kedere, mo ń bọ̀ pẹ̀lú lílù tó ní dáyámọ́ǹdì lẹ́nu. Ẹ bá mi pọn omi korobá kan sílẹ̀.

Ọmọ Adó

Ìyàwó mi ní irú awò yẹn. Màá yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní, màá sì fi àwòrán rẹ̀ síbí.